Kòkòrò tí apá oògùn ò ká mọ́: ẹjọ́ ogúnléndé kọ́, ẹjọ́ gbogbo wa ni

Gbogbo ìgbà tí ogun bá lé àwọn èèyàn kúrò nílé, tí wọ́n sá wọ ìlú onílùú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta làwọn onílé sábà máa ń sọ. Wọ́n á ní àwọn àlejò yìí fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n á ní olè wà láàárín wọn. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, ni pé wọ́n kó àrùn wá. Láyé ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ kẹta yìí ti kúrò ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Orí Facebook àti X ni wọ́n ti ń pariwo rẹ̀, wọ́n sì ti wọ̀ ọ́ láṣọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: wọ́n ní àwọn ogúnléndé ló ń gbé bakitéríà tí apá oògùn ò ká mọ́ káàkiri ayé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ìdajì òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn, ìdajì òótọ́ sì lè ṣekú pani ju irọ́ lọ. Òótọ́ ni pé kòkòrò yìí wà lára ọ̀pọ̀ ogúnléndé. Irọ́ ni pé àwọn ni orísun rẹ̀. Bí a bá sì gba irọ́ náà gbọ́, tí a wá ń lé èèyàn dípò ká lé kòkòrò, àwa onílé gan-an la máa jẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tí à ń sọ. Bakitéríà jẹ́ kòkòrò tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò bá wa jà. Inú ìfun wa àti ara awọ wa ni wọ́n ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn kan nínú wọn ló ń fa àìsàn: ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí à ń pè ní taifọ́ìdì, àrùn onígbáméjì, àtọ̀sí, ikọ́ ife, egbò tó ń kẹ̀. Oògùn tó ń pa wọ́n la mọ̀ sí oògùn apakòkòrò, tàbí àńtíbáyótíìkì lẹ́nu àwa ọmọ ìgboro. Ampiclox wà níbẹ̀, Flagyl wà níbẹ̀, Septrin, cipro àti Augmentin náà wà níbẹ̀.

Báwo wá ni kòkòrò ṣe ń di èyí tí kò gbọ́ ti oògùn mọ́? Ẹ jẹ́ ká fi wé adigunjalè. Bí ìjọba bá rán àwọn agbófinró lọ ká àwọn olè mọ́ inú igbó, tí wọ́n yìnbọn fún ọjọ́ méjì péré, tí wọ́n sì padà sílé, àwọn tí kò mọ ibi tí wọn ó sá sí nínú àwọn olè náà ló máa kú. Àwọn tó gbọ́n jù, tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ igbó náà, ló máa ṣẹ́kù, àwọn ló sì máa dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Bí ti kòkòrò náà ṣe rí nìyẹn. Oògùn tí a kò lò pé, oògùn ayédèrú tí agbára rẹ̀ kò tó, oògùn tí a lò fún àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀, gbogbo wọn ló ń pa àwọn aláìlágbára, tí wọ́n ń fi àwọn alágbára sílẹ̀ kí wọ́n máa bí sí i. Èyí tó tún burú ni pé kòkòrò tó ti mọ ọgbọ́n náà lè fi kọ́ kòkòrò mìíràn tí kì í tilẹ̀ ṣe irú tirẹ̀. Wọ́n máa ń ta àbùdá náà látaré síra wọn, bí ẹ ṣe ń fi fídíò ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Alexander Fleming, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ṣàwárí pẹnisílíìnì ní ọdún 1928, ti kìlọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un ní 1945. Ó ní ẹni tó bá lo oògùn náà tí kò lò ó tó, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe máa borí rẹ̀. Ó tó ọgọ́rin ọdún tó ti sọ ọ́. Etí dídi la kọ sí i.

Ẹ wo ibi tó gbé wa dé. Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2022 ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, èèyàn 1.27 mílíọ̀nù ló kú nítorí pé oògùn kò ran bakitéríà tó ń ṣe wọ́n mọ́, kòkòrò irú bẹ́ẹ̀ sì lọ́wọ́ sí ikú 4.95 mílíọ̀nù lápapọ̀. Ibo ló ti le jù? Kì í ṣe Éṣíà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Yúróòpù. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí ni. Nínú èèyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó pa 27.3 lọ́dọ̀ tiwa. Ní agbègbè Australia, 6.5 ni. Ní Nàìjíríà nìkan, ìṣirò wọn jẹ́ 64,500 òkú láàárín ọdún kan ṣoṣo. Pápá ìṣeré Moshood Abiola tó wà ní Abuja kò lè gba gbogbo wọn.

Nítorí náà, kí a tó máa bèèrè pé ta ló gbé kòkòrò wá bá wa, ẹ jẹ́ ká rántí pé ilé tiwa gan-an ló fi ṣe ibùjókòó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwọn ogúnléndé. Orúkọ yẹn ti sọ ìtàn ara rẹ̀: ogun ló lé wọn dé. Àwa Yorùbá kò yẹ kí a ṣe bí ẹni tí kò mọ irú wọn rí. Abẹ́òkúta tí à ń yangàn rẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé ló tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn, Òṣogbo àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ló gba àwọn tó ń sá bọ̀. Bí a bá tọpasẹ̀ ìdílé wa dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọmọ ọmọ ogúnléndé.

Lónìí, UNHCR, àjọ tó ń mójú tó àwọn ogúnléndé lágbàáyé, sọ pé nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, èèyàn 123.2 mílíọ̀nù ni ogun àti ìnilára ti lé kúrò nílé. Bí wọ́n bá sì ń pariwo ní Yúróòpù pé àwọn ogúnléndé ti kún ilé àwọn, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Nínú ogúnléndé ọgọ́rùn-ún, bí mẹ́tàléláàádọ́rin ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tàbí tí owó wọn mọ níwọ̀n. Ilé aládùúgbò ni wọ́n máa ń sá sí, aládùúgbò náà sì lè má ní omi tó fún ọmọ tirẹ̀.

Ìwádìí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2018 nínú Lancet Infectious Diseases. Àwọn olùwádìí kó iṣẹ́ 23 jọ láti orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lórí àtìpó 2,319. Wọ́n rí i pé nínú ogúnléndé àti àwọn tó ń tọrọ ààbò, 33 nínú 100 ló ní kòkòrò tí oògùn kò ràn lára, yálà ó ń ṣe wọ́n láìsàn tàbí wọ́n kàn ń gbé e kiri. Nínú àwọn àtìpó tó kù, kò tó 7 nínú 100.

Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa ìwé dé. Ẹ ò rí i, wọ́n á ní, àwọn ni! Ṣùgbọ́n ìwé náà kò parí síbẹ̀. Àwọn olùwádìí yẹn kan náà sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé kòkòrò náà ń ràn lọ púpọ̀ láti ara àwọn àtìpó sí ara àwọn onílé. Wọ́n tún tọ́ka sí ohun tó lè fa ìyàtọ̀ ńlá yẹn: bí ìrìn àjò wọn ṣe rí, ibùdó tí èèyàn ti há mọ́ra wọn, ìmọ́tótó tí kò sí, ìtọ́jú tí wọn kò rí gbà. Ẹ gbọ́ mi yé. Ohun tí ojú ogúnléndé rí lọ́nà ló gbé kòkòrò náà lé e lára. Ibi tí wọ́n bí i sí kọ́.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wo ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Netherlands tó rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun, tó jáde ní 2017. Àwọn tó lówó tíkẹ́ẹ̀tì, tó ní páálí ìrìnnà tó dáa, nìyí. Wọ́n yẹ 1,847 wò tí kò ní irú kòkòrò kan báyìí nínú ìfun wọn kí wọ́n tó gbéra, irú tó ń sọ àwọn àńtíbáyótíìkì ńláńlá di aláìwúlò. Nígbà tí wọ́n padà dé, 633 nínú wọn ti gbé e bọ̀. Nínú àwọn tó lọ sí gúúsù Éṣíà, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló gbé e. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ṣì wà lára àwọn kan nínú wọn. Ṣé ẹ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú Amsterdam pa? Ṣé ẹ gbọ́ kí wọ́n ní àwọn tó lọ gbafẹ́ yìí ń kó àrùn wọ ìlú? Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Aláìnílé nìkan ni wọ́n ń pè ní elégbò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ já pa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ lọ gbé ní ìlú Ọba ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife kí wọ́n tó fún un ní físà. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Àyẹ̀wò tó bá ọ̀wọ̀ lọ dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú tí a fi ń wo ará Cameroon tó sá wọ Ogoja, irú ojú yẹn ni ẹlòmíràn fi ń wo àwa náà ní Heathrow.

Ẹ jẹ́ ká wá yà sí Maiduguri, torí ibẹ̀ la ti lè rí bí ibùdó ṣe ń sin kòkòrò. Àìmọye èèyàn ni ogun Boko Haram tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ti lé kúrò lábúlé wọn wọ ìlú náà. Òfin àgbáyé ní orúkọ mìíràn fún wọn nítorí pé wọn kò ré ààlà orílẹ̀-èdè kọjá, ṣùgbọ́n kòkòrò kò ka òfin àgbáyé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó Muna Garage. Kí wọ́n tó kápá rẹ̀ ní Borno, ó ti mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ó sì ti pa ju ọgọ́ta lọ.

Kí ló ń fà á? Omi ni, ṣáláńgá ni. Ìlànà Sphere tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń tẹ̀ lé kárí ayé sọ pé, ó kéré tán, ó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí omi lítà 15 lò lóòjọ́, kí èèyàn tó ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan má sì ju ogún lọ. Ẹ ronú sí i. Kẹ́ẹ̀gì tí à ń fi pọnmi ládùúgbò, lítà 25 ni. Ìwọ̀nba tí wọ́n ní ó kéré jù yẹn kò tó kẹ́ẹ̀gì kan: ibẹ̀ ni mímu wà, ibẹ̀ ni ìdáná wà, ibẹ̀ ni ìwẹ̀ wà, ibẹ̀ ni fífọ aṣọ ọmọ tó ń ṣu gbuuru wà. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, kódà ìyẹn kì í tó wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí omi ò bá tó, ọmọ á máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá rẹ̀ á gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kò ní yàrá àyẹ̀wò tí yóò ti mọ̀ bóyá bakitéríà ló ń ṣe é tàbí fáírọ́ọ̀sì, tí oògùn apakòkòrò kò lè ṣe nǹkan kan fún. Èrò ti tò lọ rẹpẹtẹ lẹ́yìn. Á fún un ní àńtíbáyótíìkì, nítorí ẹ̀rù pé kí ọmọ má kú sí òun lọ́wọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí mo bá wà níbẹ̀, bóyá ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn á pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun ọmọ náà, á sì fi àwọn olóríkunkun sílẹ̀. Wọ́n á bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n á gba ṣáláńgá tó ti kún bọ́ sínú omi, omi náà á sì gbé wọn fún ọmọ mẹ́wàá mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, oògùn àkọ́kọ́ kò ní ràn mọ́. Ohun tó ń jẹ́ ibùdó tó ń sin kòkòrò nìyẹn. Kì í ṣe ìwà ìdọ̀tí èèyàn kankan.

Ti àwọn tí ogun ṣe léṣe tún yàtọ̀. Láti ọdún 2006 ni àwọn dókítà àjọ MSF ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ àtúnṣe fún wọn ní Amman, olú ìlú Jordan. Láti Iraq, Syria, Yemen àti Gaza ni wọ́n ti ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gúnlẹ̀ pẹ̀lú egungun tó ti kẹ̀, tí kòkòrò inú rẹ̀ kò sì gbọ́ ti oògùn tó wọ́pọ̀ mọ́. Ọta ìbọn ló wọ inú ara, ilé ìwòsàn tí iná àti omi ti dáwọ́ dúró ni wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà. Ogun fúnra rẹ̀ ló sọ kòkòrò di akọni.

Àwọn onílé ńkọ́? Láti ìparí ọdún 2017 ni àwọn ará Cameroon tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń sá wọ Cross River, Benue àti Taraba. Ní 2018, wọ́n ṣí ibùdó fún wọn ní Adagom, ní Ogoja. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò sí nínú ibùdó. Àárín àwọn ará ìlú ni wọ́n ń gbé. Ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Kẹ́míìsì kan náà ni wọ́n ti jọ ń ra oògùn. Ẹ wá sọ fún mi, nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ta ló ń kó kòkòrò ran ta?

Mo béèrè nítorí pé mo mọ bí kẹ́míìsì wa ṣe rí. Ní àdúgbò tí mò ń gbé, mẹ́ta ló wà ní òpópónà kan ṣoṣo. Àìmọye ìgbà ni mo ti dúró níbẹ̀, mi ò sì tíì rí ọjọ́ tí wọ́n bi oníbàárà léèrè ìwé dókítà kí wọ́n tó ta cipro fún un. "Inú ló ń run mí." Wọ́n á fún un ní Flagyl. "Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn mí." Wọ́n á fún un ní Ampiclox. Èmi àti ẹ̀yin sì mọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń gbé Ampiclox mì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ torí wọ́n gbà pé kò ní jẹ́ kí àwọn lóyún. Kò sí oyún tí Ampiclox ń dá dúró. Àwọn ọmọkùnrin náà wà tí wọ́n ń fi oògùn ọ̀rẹ́ tó ṣẹ́kù wo àtọ̀sí ara wọn, bẹ́ẹ̀ àtọ̀sí wà lára àwọn àrùn tó ti ń sọ oògùn nù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀wọ́n gógó tún wá dá kún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, iléeṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kó iṣẹ́ òun kúrò ní Nàìjíríà, owó Augmentin sì fò lọ sókè. Páálí tó ní hóró mẹ́rìnlá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n gé mẹ́rin fún àwọn. Hóró mẹ́rin! Ọjọ́ méjì tí àwọn agbófinró fi yìnbọn tí wọ́n padà sílé nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba, nítorí oògùn ayédèrú àti èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ogúnléndé tó wọ irú orílẹ̀-èdè báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti kó kòkòrò náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwa tí à ń gbé ilé kan náà, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwa onílé náà ń jẹ nínú kòkòrò yìí, hùrùhẹ̀rẹ̀ tiwa náà kò sì ní jẹ́ kí àlejò sùn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ó dáa, ká ti ẹnubodè, ká ti ibùdó, kí kálukú máa lọ." Àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ wà. Ní ìparí ọdún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ti àwọn ibùdó ìjọba tó wà nínú Maiduguri. Wọ́n dá àwọn kan padà sí ìlú wọn, àwọn mìíràn sì wọ àárín ìgboro. Bí a bá ti ibùdó, a ò ti kòkòrò. Ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà pé wọ́n máa lé òun kì í lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ló ń jókòó sí, á rán ọmọ lọ ra hóró oògùn méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri, á sì máa gbé kòkòrò tí kò kú náà kiri àdúgbò. Ìkórìíra ló ń fi kòkòrò pamọ́, ìtọ́jú ló ń tú u síta.

Ọ̀nà tó dáa ju ìyẹn lọ wà, ayé sì ti rí i. Nígbà tí ogun Ukraine gbóná ní 2022, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Yúróòpù, ECDC, kò sọ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ilé ìwòsàn ni pé kí wọ́n yẹ àwọn tó ti gbàtọ́jú ní ilé ìwòsàn Ukraine wò bóyá wọ́n ní kòkòrò yìí, kí wọ́n fún wọn ní yàrá ọ̀tọ̀ títí èsì yóò fi jáde, kí wọ́n sì tọ́jú wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ onílé. Àyẹ̀wò wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ti aláwọ̀ funfun fi jẹ́ àyẹ̀wò, tí ti aláwọ̀ dúdú sì jẹ́ ẹnubodè?

Àwa náà ti ṣe dáadáa rí. Nígbà tí onígbáméjì yẹn bẹ́ ní Muna, ní oṣù kẹsàn-án 2017, wọ́n ṣètò àjẹsára ẹnu fún èèyàn tó tó 900,000 ní Borno, àti àwọn tó wà ní ibùdó, àti àwọn onílé tó yí wọn ká. Ẹni tí onígbáméjì kò mú kò ní nílò oògùn apakòkòrò. Oògùn tí a kò lò ni kòkòrò kò ní rí kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Omi tó mọ́ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ń ṣẹ́gun kòkòrò yìí kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn máa dín ikú tí kòkòrò yìí lọ́wọ́ sí kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí yóò bá fi di 2030. Nàìjíríà ni wọ́n sì yàn láti gbàlejò ìpàdé àgbáyé kẹrin ti àwọn mínísítà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2026. Àlejò tó bá wọ Abuja fún ìpàdé yẹn máa wo ilé wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yàrá àyẹ̀wò tó ń ṣiṣẹ́ ní Maiduguri àti ní Ogoja, kí nọ́ọ̀sì lè mọ kòkòrò tó ń bá jà. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ogúnléndé wà ní omi, kí ará àdúgbò náà sì rí i pọn níbẹ̀, torí bí ẹ bá gbẹ́ kànga fún àlejò nìkan, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Kí òfin tó ní kí wọ́n má ta oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó máa kọ ìwé náà wà nítòsí, kí owó oògùn náà sì ṣeé san. Ẹ ò lè gba hóró mẹ́rin lọ́wọ́ tálákà kí ẹ má fún un ní mẹ́rìnlá.

Ti àwa ọ̀dọ́ ìgboro náà ò pọ̀. Ẹ má lo oògùn apakòkòrò fún ọ̀fìnkìn. Kò ràn án. Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá fún yín ní oògùn, ẹ lò ó bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó, ẹ má fi ìyókù pamọ́ de ọ̀rẹ́. Bí àtọ̀sí bá mú yín, ẹ má tijú, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ mú olólùfẹ́ yín dání. Nígbà tí ẹ bá sì tún rí ẹni tó ń kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ogúnléndé ń kó àrùn bọ̀, ẹ bi í léèrè ìgbà tí òun lo àńtíbáyótíìkì gbẹ̀yìn, ta ló kọ ọ́ fún un, àti hóró mélòó ló rà.

Ọ̀nà jìn láti Muna sí Ọ̀jọ́ta lójú wa. Lójú kòkòrò, ìrìn àjò bọ́ọ̀sì kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ sun oorun àsùnwọra ní Èkó, ó yẹ kó máa bèèrè bóyá omi wà ní Maiduguri.